Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Táyà Ẹ̀yìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi ara balẹ̀ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Arọ kò lè sáré bí ogun bá dé. Ohun tó ń yọ ọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe apá, ìròyìn ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò dúró lórí ìròyìn nìkan. Ó fi 'tó bá gbọ́n' kún un. Èyí fi hàn pé ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pé kí arọ tó yè: kí ẹnì kan sọ fún un, kí òun náà sì fi ohun tí ó gbọ́ ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, ogun yóò bá a nílé.

Inú òwe yìí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ti jáde. Bí a bá kéde ogun, tí arọ fi ọwọ́ di etí, tí ogun sì pa òun àti àwọn ọmọ tó gbójú lé e, ǹjẹ́ a lè sọ pé kò mọ̀? Bí kò bá tilẹ̀ sí ẹni tó kéde, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà wà tí ì bá fi wádìí, tí kò wádìí, ǹjẹ́ àìmọ̀ rẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀bi? Láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi kò ní gbé e lọ jìnnà. Orí táyà ọkọ̀ ni n ó gbé e kà, ní ojú ọ̀nà Àkùngbá sí Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, nítorí pé ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà kì í ṣe ti inú ìwé mọ́. Ẹ̀mí ènìyàn ló rọ̀ mọ́ ọn.

Afẹ́fẹ́ tí a kò fi ojú rí

Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ Àkókó. Ẹni tó bá ti Ọ̀wọ̀ bọ̀, tó kọjá Ọ̀bà, yóò rí i pé àpáta ti ń sún mọ́ ojú ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì kí ó tó dé Àkùngbá. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan lọ sí Ìkàrẹ́. Òmíràn gun òkè Ọ̀kà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ sí ìhà Ìsùà àti ìpínlẹ̀ Edo. Àwọn ilé wà lórí òkè, àwọn mìíràn wà ní ẹsẹ̀ òkè, ọ̀nà sì ń wọ́ kọjá láàárín wọn. Àwọn tírélà tó ń kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ Kogi àti òkè Ọya wá sí ìhà gúúsù a máa gba ibẹ̀. Ọkọ̀ tó bá sì gun òkè kò ní ṣàì sọ̀ ọ́. Ìgbà tí ó bá ń sọ̀ ni bíréèkì ń gbóná, tí rímù ń gbóná, tí táyà náà ń gbóná.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé rọ́bà ló ń gbé ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú rọ́bà ló ń gbé e. Àpò tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà sá lọ ni rọ́bà. Robert William Thomson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí irú táyà bẹ́ẹ̀ ní 1845, ṣùgbọ́n ayé kò kà á sí. Ìgbà tí John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko kan ní Belfast, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1888 ni táyà alátẹ́gùn tó tàn kálẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá dín kù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀, yóò sì máa nà, bó ṣe ń yí. Títẹ̀ àti nínà yìí ló ń mú un gbóná. Bí ó bá gbóná kọjá ààlà, rọ́bà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára okùn àti wáyà tí a hun sínú rẹ̀, títí yóò fi bẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ táyà tí a ń sọ pé ó bẹ́ lójijì ni kò bẹ́ lójijì rárá. Ó ti ń kú bọ̀ láti ìrìn wákàtí kan sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ ni.

Ojú nìkan kò sì tó fún iṣẹ́ yìí. Táyà tí ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ lè dúró níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Èyí tó burú jù ni ti àwọn ọkọ̀ ńlá tí táyà méjì máa ń fara ti ara ní ìdí kan náà. Bí ọ̀kan bá jò tán, èkejì yóò gbé ẹrù tirẹ̀ àti ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó ń wò láti òkèèrè yóò rí i pé ọkọ̀ dúró ṣánṣán. Kò ní mọ̀ pé ọ̀kan ti kú, àti pé èyí tó kù ń gbé ohun tí agbára rẹ̀ kò ká.

Awakọ̀ ńkọ́? Bí táyà iwájú bá ní àléébù, yóò gbọ́, nítorí pé sítíárìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n tírélà lè ní táyà 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ sì wà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí táyà tó gbẹ̀yìn pátápátá kò lè dé ọwọ́ ẹni tó jókòó síwájú. Ó ń fa nǹkan lọ, kò sì mọ ipò tí ohun tí ó ń fà wà. Ibí yìí ni mo ti rí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ mi: ẹni tó ń fa nǹkan kì í ní ìmọ̀lára ohun tí ó ń fà. Bí ó bá fẹ́ mọ ìròyìn rẹ̀, àfi kí ó wá a lọ.

Ọmọ ọkọ̀ àti igi rẹ̀

Kì í ṣe òní ni a ti mọ ìṣòro yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa kò sì ṣàì wá nǹkan ṣe sí i. Ní ayé bọ̀lẹ̀kájà, tí a fi pákó kan ara ọkọ̀, awakọ̀ kì í dá rìn. Ọmọ ọkọ̀ wà lẹ́yìn, ó rọ̀ mọ́ ọkọ̀, ó sì ní igi onígun mẹ́ta kan lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ọmọ ọkọ̀ yóò bẹ́ sílẹ̀, yóò sì fi igi náà há ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má baà yí padà. Ní ibi tí òkè pọ̀ tó ti Àkókó, iṣẹ́ kékeré kọ́ ni iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ọmọ ọkọ̀ yóò mú igi tàbí irin, yóò máa lu táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tírélà ṣì ń ṣe é di òní. Táyà tó kún a máa dún gan-an, irin a sì ta padà. Èyí tó ti jò a máa dún bí ìgbà tí ènìyàn lu àpò gàrí. Ọmọ Yorùbá tí etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò ní í kọ́ iṣẹ́ yìí pẹ́. Ọmọ ọkọ̀ ni etí awakọ̀ ní ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹni tí ọmọ ọkọ̀ jẹ́ láwùjọ. Òun ló kéré jù nínú ọkọ̀. Òun ni a ń bú, òun ni oúnjẹ ń kàn gbẹ̀yìn, orí ẹrù ló ń sùn. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ìròyìn tó lè gba ẹ̀mí gbogbo èrò wà. Bí ó bá wá sọ pé, 'Ọ̀gá, táyà ẹ̀yìn kò dára o,' tí ọ̀gá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn pé kí ó má dá òun dúró, ní ọjọ́ mìíràn yóò dákẹ́. Àwọn àgbà tó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, mọ̀ pé ìròyìn tó ti ẹ̀yìn wá kì í sábà ní ohùn ńlá. Ẹni tó wà níwájú ló gbọ́dọ̀ tẹ́ etí sí i.

Ẹ̀rọ aṣọ́táyà

Àwọn òyìnbó wá nǹkan fi rọ́pò ọmọ ọkọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, èyí tí n ó máa pè ní aṣọ́táyà nínú àròkọ yìí. Oríṣi méjì ló wà. Nínú oríṣi kìíní, a ó fi ẹ̀rọ tó ní bátìrì sínú rímù tàbí kí a dè é mọ́ ẹnu táyà níbi tí a ti ń fún un ní afẹ́fẹ́. Yóò máa wọn afẹ́fẹ́, yóò sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí iwájú awakọ̀ láìsí wáyà, bí rédíò. Oríṣi kejì kò wọn afẹ́fẹ́ rárá. Bí táyà ṣe ń yí ló ń kà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín ti rẹlẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yí kánkán ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí ó tó lè bá wọn rìn dọ́gba. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ náà fi ń dá a mọ̀.

Ikú ló bí òfin tó sọ ẹ̀rọ yìí di dandan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn táyà Firestone kan tó wà lára ọkọ̀ Ford Explorer ń ṣí, wọ́n sì ń bẹ́ lórí eré. Àwọn tó kú lé ní 200. Ní 2000, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin, nígbà tó sì di 2007, kò sí ọkọ̀ titun tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 4,536 kílógíráàmù lọ tí wọ́n lè tà láìní aṣọ́táyà. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn bí afẹ́fẹ́ bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí iye tó yẹ.

Òfin yẹn kò kan àwọn ọkọ̀ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kan ohun tí a so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, a máa ra ọkọ̀ ńlá tí a kọ́ bí ilé, tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti balùwẹ̀. Wọn a tún so ọkọ̀ kékeré mọ́ ìdí rẹ̀, wọn a sì máa rìn káàkiri. Táyà ọkọ̀ kékeré náà lè jò tán, kí ó máa wọ́ nílẹ̀ títí yóò fi ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ tàbí kí ó gbiná, kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ilé náà má mọ nǹkan kan. Nítorí èyí, àwọn onílàákàyè láàárín wọn a máa fi owó ara wọn ra aṣọ́táyà, wọn a sì dè é mọ́ gbogbo táyà, ti ọkọ̀ tó ń fà àti ti èyí tí a ń fà. Kò sí òfin tó fi ipá mú wọn. Ilẹ̀ Yúróòpù lọ jù bẹ́ẹ̀: láti oṣù keje 2024, ọkọ̀ ẹrù ńlá titun, bọ́ọ̀sì titun àti tírélà ńlá titun gbọ́dọ̀ ní i.

Ní tiwa, ọkọ̀ tókunbọ̀ ló gbé aṣọ́táyà wá. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti gáréèjì Ìkàrẹ́ gbéra lọ sí Àkúrẹ́, Èkó àti Àbújá. Àwọn tírélà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà, tí wọ́n nílò rẹ̀ jù, ni a kò sábà rí i lára wọn.

Ṣé ìmọ̀ ni tàbí ìgbàgbọ́?

Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ìmọ̀, ìgbàgbọ́ àti àjẹ́ ní èrò Yorùbá. Àwọn oníṣègùn ni wọ́n bá fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ohun tí Yorùbá ń pè ní ìmọ̀ le ju ohun tí àwọn onímọ̀ òyìnbó fi orúkọ náà pè. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, òun ni mo mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún mi, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó, mo gbà á gbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́: mo gbà, mo gbọ́.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn aṣọ́táyà, a ó rí i pé kò fún awakọ̀ ní ìmọ̀. Awakọ̀ kò rí táyà ẹ̀yìn. Iná kékeré kan ló sọ fún un. Ọmọ ọkọ̀ tó fi igi lu táyà mọ̀. Awakọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ gbà gbọ́ ni. Ẹnì kan lè wá sọ pé, 'Bí kò bá jẹ́ ìmọ̀, kí ló dé tí n ó fi dúró?' Èsì rẹ̀ rọrùn. Yorùbá kò sọ pé kí a da ohun tí a gbà gbọ́ nù nítorí pé kì í ṣe ìmọ̀. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí a wádìí rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó kan ẹ̀mí ènìyàn jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹni tó gbà á. Sísan gbèsè náà ni kí ó dúró, kí ó bọ́ sílẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kí ó fi géèjì wọ̀n ọ́n. Ìgbà náà ni yóò mọ̀. Ẹni tí iná tàn fún, tí kò bọ́ sílẹ̀, kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó kọ̀ láti mọ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ sì ni èyí.

William Clifford, onímọ̀ ìṣirò ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ojú irú ọ̀rọ̀ yìí hàn ní 1877. Ó ní kí a ro ti ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tó fẹ́ fi ọkọ̀ ògbólógbòó kó èrò la òkun kọjá. Iyèméjì wá sí ọkàn rẹ̀ pé ọkọ̀ náà lè má dára mọ́. Ó ro owó tí àtúnṣe yóò ná an, ó wá fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ara rẹ̀: ọkọ̀ náà ti lọ ó ti bọ̀ láìmọye ìgbà, Ọlọ́run kò sì ní ṣàì dáàbò bo àwọn èrò rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fi gbéra, ó ti gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé kò séwu. Ọkọ̀ rì sí àárín òkun, ó gba owó adójútòfò rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Clifford ní apànìyàn ni. Ó tún wá fi kún un pé ká ní ọkọ̀ náà tilẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, ẹ̀bi ọkùnrin náà kò dín rárá, nítorí pé kò ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun tó gbà gbọ́ yẹn gbọ́. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ yìí ní gáréèjì? 'Táyà yìí ṣì máa gbé wa dé ibẹ̀. Ọlọ́run wà.'

Àwáwí mẹ́ta

Àwáwí mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyíkéyìí nínú wọn.

Èkíní ni ti iná tó ń parọ́. Bátìrì inú aṣọ́táyà kì í lò ju ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tókunbọ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú kí ó tó gúnlẹ̀ ní Èkó. Iná yóò máa tàn lọ́sàn-án lóru, bí táyà tilẹ̀ dára. Nígbà tó bá sú awakọ̀, yóò ní kí rìwáyà já a, tàbí kí ó fi téèpù dúdú bo ojú rẹ̀. Mo gbà pé olófòófó tí kì í sinmi kì í ní olùgbọ́. Ṣùgbọ́n iná tó ń parọ́ ṣì ti kọ́ wa ní ohun kan: pé a kò ní etí ní ẹ̀yìn mọ́. Ẹni tó bá bò ó, tó wá ń fi géèjì wọn táyà rẹ̀ ní àràárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, nígbà tí táyà ṣì tutù, ti fi olóòótọ́ rọ́pò òpùrọ́, kò sì jẹ̀bi. Ẹni tó bò ó, tó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, kò lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò mọ̀. Ọwọ́ tó lẹ téèpù mọ̀. Ní ti èyí, ó jẹ̀bi ju ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní iná rárá lọ.

Èkejì ni ti àìlówó, òun ló sì wúwo jù. Michelin ti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táyà ní Port Harcourt pa ní 2007. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Dunlop pẹ̀lú dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Láti ìgbà náà, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a fi ń ra táyà, owó wa kò sì níyì. Awakọ̀ tó ń ra táyà àlòkù mọ̀ pé kò dára. Ọmọ ló ń bọ́. Kí ni àǹfààní ìkìlọ̀ fún ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi ṣe é? Mo gbà pé ẹ̀bi táyà àlòkù kò lè jẹ́ ti awakọ̀ nìkan. Ẹni tó ni ọkọ̀, tó ń gba owó ojúmọ́ láìbéèrè bí táyà ṣe rí, ní ìpín. Ẹni tó ni ẹrù, tó ń di ẹrù lé ẹrù, ní ìpín. Ìjọba tó fi ọ̀nà sílẹ̀ ní kòtò kòtò ní ìpín. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n. Fọ́kanáísà wà ní ẹsẹ̀ ọ̀nà ní gbogbo ìlú Àkókó, owó tí ó sì ń gbà lórí afẹ́fẹ́ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Òtòṣì tí kò lè ra táyà titun lè fún èyí tó ní ní afẹ́fẹ́, ó lè dín ẹrù rẹ̀ kù, ó sì lè dín eré kù. Àìní gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀bi ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Kò gbà á lọ́wọ́ èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Ẹ̀kẹta ni ti àyànmọ́. 'Ọjọ́ ti pé ni,' a ó wí, tàbí kí a ní àwọn ọ̀tá ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ń tu olóògbé nínú ẹbí nínú, n kò sì fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èdè wa fúnra rẹ̀ kò gbà pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni àyànmọ́. A ní àmúwá Ọlọ́run, a sì ní àfọwọ́fà. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, kí ni a fi ọ̀rọ̀ méjì pè wọ́n sí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ògún, tí àwọn awakọ̀ ń fi ajá bọ kí ó má baà fi ojú ọ̀nà mu ẹ̀jẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni Ògún. Ó mọ irin, ó mọ ìgbà tó gbóná àti ìgbà tó tutù, kì í sì í gba iṣẹ́ àfojúdi. Ẹni tó pa ajá fún Ògún, tí kò wo irin tí ó ń gùn, ti bọ ọ́ ní ẹnu, ó sì ti kẹ́gàn rẹ̀ ní ọwọ́.

Àwọn tí kò wọ ọkọ̀

Ohun kan tún wà tí àwáwí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bojú wò. Ní oṣù kìíní 2021, ọkọ̀ ẹrù ńlá kan sọ ìjánu nù ní Àkùngbá, ó sì ya bá àwọn ènìyàn ní ẹ̀bá ọ̀nà, ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú àwọn tó kú. Bíréèkì ni ìròyìn dá lẹ́bi, kì í ṣe táyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Àwọn tó kú kò wọ ọkọ̀ náà. Wọn kò bá awakọ̀ dúnàádúrà, wọn kò gbọ́ pé ewu wà, wọn kò sì ní iná kankan níwájú wọn tí ì bá tàn. Nígbà tí mo bá sọ pé èmi gbà pé nǹkan kan kò ní ṣe mí, orí ta ni mo ń fi dúró? Tèmi nìkan kọ́. Ẹni tó ń pàtẹ ọjà ní ẹsẹ̀ òkè ló ń san owó ìgbàgbọ́ awakọ̀ tó wà lórí òkè.

Ipò gíga kì í sì gba ènìyàn. Ní oṣù kẹta 2016, James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba àpapọ̀, kú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, sọ pé táyà tó bẹ́ lórí eré wà lára ohun tó fà á. Táyà kò mọ mínísítà.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àìmọ̀ a máa gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀bi nígbà tí kò bá sí ọ̀nà tó lè gbà mọ̀. Bí ọ̀nà bá ti wà, tí agbára rẹ̀ sì ká a, àìmọ̀ kò gbà á mọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé ó ń fa ẹlòmíràn lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí pé ẹni tó ń fa ènìyàn ti gba iṣẹ́ mímọ̀ mọ́ iṣẹ́ fífà. Èyí kan awakọ̀, ó kan ẹni tó ni ọkọ̀, ó kan olórí ìdílé, olùkọ́ àti ọba. Gbogbo wọn ló jókòó síwájú, tí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn kò sì lè dé ọwọ́ wọn bí wọn kò bá wá a lọ.

Kò sì yẹ kí a ro pé ẹ̀rọ yóò bá wa ṣe èyí tó kù. Iná tí kò ní tàn títí ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ yóò fi lọ kò lè gba ipò ojú àti géèjì. Ẹ̀rọ lè kéde ogun. Kò lè bá arọ gbọ́n. Kí awakọ̀ tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ọ̀kà ní òwúrọ̀ ọ̀la yí ọkọ̀ rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan kí ó tó ṣíná sí i. Kí ó fi géèjì wọn táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, tí ẹnìkejì rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Bí ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ bá sì ní nǹkan sọ, kí ó jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.